Excel ní ọmọ tí kì í sùn lóru ń lọ sùn ní 1:39 ọ̀sán. Ẹ bá mi wo dátà oorun yìí

Ọmọ Gáà-Àkànbí

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe ìwádìí másítà mi níbí ní Ìlọrin, lórí oorun àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù (autism, tí ọpọlọ ọmọ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀). Ọmọ 38 ni mo kó jọ, láti ọdún 4 sí 10. Àwọn 19 ní ọ́tísíìmù. Àwọn 19 tó kù jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn, ọmọ inú ilé kan náà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aago actigraph, tó ń ka mímì ara, sọ́wọ́ fún òru 14. Ìyá wọn ń kọ àkókò oorun sínú ìwé láràárọ̀, ó sì dáhùn ìbéèrè CSHQ (ìwé ìbéèrè lórí oorun ọmọdé) lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú Excel, òru 532.

Wàhálà mi rèé. Mo ní kí Excel bá mi wá ìpíndọ́gba àkókò tí ọmọ kan ń sùn ní òru 5 àkọ́kọ́: 9:30 alẹ́, 10:00 alẹ́, 11:30 alẹ́, 12:15 òru, 1:00 òru. Ó ní 1:39 ọ̀sán! Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń sunkún pé kì í sùn. Èkejì, nínú ìwé tí àwọn ìyá kọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tó ń pẹ́ kó tó sùn, àwọn tó ní ọ́tísíìmù àtàwọn tí kò ní, bákan náà ni. Aago ọwọ́ sì ń sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi kan ní òru 532 ti pọ̀ tó, kí n ṣe t-test (ìṣirò tó ń fi ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ méjì wéra) kí n lọ sinmi. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa rí ọ̀gá mi. Ẹ dákun.

Bàbá Ìṣirò (Tanke)

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Excel ò ya wèrè. Bó ṣe ń ka aago ni pé ọ̀gànjọ́ òru ni òdo, ọ̀sán gangan ni ìdajì, 0.5. Nítorí náà 11:30 alẹ́ lójú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.98, 12:30 òru sì jẹ́ nǹkan bí 0.02. Rò wọ́n pọ̀, pín in sí méjì, 0.5 ni: ọ̀sán gangan. Wákàtí kan péré ló wà láàárín aago méjèèjì, àmọ́ ọ̀gànjọ́ ti mọ odi sáàárín wọn.

Gbé odi yẹn kúrò níbi táwọn èèyàn ti ń sùn, gbé e lọ síbi tẹ́nì kan kì í ti í bẹ̀rẹ̀ oorun alẹ́. Jẹ́ kí ọjọ́ rẹ máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 ọ̀sán. Bí àkókò oorun bá wà ní A2, kọ èyí sí kọ́lọ́mù tuntun:

=IF(A2<0.5, A2+1, A2)

Ìyẹn ni pé èyí tó bá ti kọjá ọ̀gànjọ́, fi ọjọ́ kan kún un. Wá ìpíndọ́gba kọ́lọ́mù tuntun yẹn, kí o ní kó fi hàn ọ́ bí aago. Mo ti bá ọ ṣe ti òru 5 yẹn, 11:15 alẹ́ ló jẹ́. Ìyẹn ti ń jọ ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ. Bí o bá ń wá iye wákàtí tó fi sùn, tí àkókò jíjí wà ní B2, =MOD(B2-A2, 1) ni, kó má baà fún ọ ní òǹkà tó wà lábẹ́ òdo. Má sì fọwọ́ kan kọ́lọ́mù àkọ́kọ́ láé. Bí ìyá ọmọ ṣe kọ ọ́ ni kó wà.

Má tíì ṣe t-test kankan. Mò ń bọ̀, iná fẹ́ lọ.

Ọmọ Sàngó

1:39 ọ̀sán 😂 Èmi náà ti rí i rí. Mo rò pé àwọn ọlọ́dẹ alẹ́ ló wà nínú dátà mi.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán

Ìbéèrè kejì ló fà mí wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ bi àwọn ìyá gan-an? Ẹ kọ ọ́ síbí bí ẹ ṣe bi wọ́n.

Ọmọ Gáà-Àkànbí

"Aago mélòó ni ọmọ sùn lánàá?" Lẹ́yìn náà, "Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà á kó tó sùn?" Ọ̀pọ̀ kọ 0 sí èkejì. Àwọn kan fò ó.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán

Mo fura bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu wa, "sùn" ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí mo bá ní "ọmọ ti sùn", ó lè jẹ́ pé ó ti dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo ti pa iná. Ó sì lè jẹ́ pé oorun ti gbé e lọ. Ẹni tó ní "mò ń lọ sùn" lè wà lórí fóònù di aago kan òru. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì yẹn gan-an lẹ̀ ń wá. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè lo wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀, á máa kọrin kan náà ṣáá, á máa fi ìka rin ògiri. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bi ìyá ẹ̀, ó sì fún yín ní aago tó tẹ́ ẹní. Nígbà tí ẹ tún wá bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ló gbà á, ó yà á lẹ́nu: ṣebí òun ti sọ aago tó sùn? Òdo nìyẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń lò báyìí. "Aago mélòó ló fẹ̀yìn lélẹ̀?" "Aago mélòó ni oorun gbé e lọ?" "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé oorun ti gbé e lọ?" Ẹ̀kẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá kan dá mi lóhùn pé, "Èmi ti sùn ṣáájú ẹ̀, Nọ́ọ̀sì, mo kàn rò ó ni." Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kọ́lọ́mù tirẹ̀: ó rí i, àbí ó rò ó.

"Jí" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè lajú kó má dìde. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí tó ti wà nílẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kàn fún kọ́lọ́mù yẹn ní orúkọ tó jẹ́, ìyẹn àkókò ìdùbúlẹ̀. Àti ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà lọ bi àwọn ìyá nípa òru oṣù tó kọjá. Wọ́n á dá yín lóhùn, wọn ò ní fẹ́ kí ojú tì yín, àmọ́ ẹ ò ní rí nǹkan gidi mú níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Èmi ò mọ ìṣirò, ọmọ ni mo ní. Táyé ní ọ́tísíìmù, Kẹ́hìndé kò ní. Wọ́n ti fún mi ní irú ìwé yẹn rí, n ò ní dárúkọ ibi tó ti wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí n fi kọ ọ́. Kí n sòótọ́: ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo kọ láràárọ̀. Àwọn ọjọ́ 11 yòókù, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbà á ni mo jókòó tì í, bíírò kan náà, ìdí kan náà. 9:00, 9:00, 9:30, 9:00. Ẹni tó wá gbà á dúpẹ́, ó lọ. Bí ẹ bá rí ìwé tí gbogbo aago ẹ̀ ń parí sí 00 àti 30, àwa la wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa fi ohùn ránṣẹ́ sí yín láràárọ̀. Èmi ń din àkàrà láti aago márùn-ún ìdájí, ọwọ́ mi kì í ráyè bíírò, àmọ́ ẹnu mi ráyè.

Ti aago ọwọ́ yẹn, Táyé ò fẹ́ kó kan òun lára. Ó bọ́ ọ sórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo òru ló ń sáré láti yàrá dé pálọ̀. Nígbà tí wọ́n ka aago yẹn, wọ́n ní ọmọ mi sùn wákàtí 11. Aago ló sùn o!

Nǹkan kan tún kù. Táyé ń lo oògùn gìrì, ìgbà tí wọ́n yí i padà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun ọ̀sán bí arúgbó. Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí nínú ìwé wọn. Àwọn òbí mìíràn sì wà tó ń fún ọmọ ní melatonin (oògùn tó ń pe oorun) láìsọ fún dókítà, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Bàbá Ìṣirò (Tanke)

Iná ti dé. Mọ̀mí Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí ẹ sọ yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Aago actigraph ò mọ oorun. Mímì ara ló ń kà, ìlànà ìṣirò kan ló wá ń pinnu pé ìṣẹ́jú yìí oorun ni, ìṣẹ́jú yìí kì í ṣe oorun. Ti Cole-Kripke (1992) wà, ti Sadeh (1994) wà, dátà kan náà lè fún ọ ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ wọn. Nítorí náà kọ èyí tí o lò síwèé. Ó mọ oorun í mọ̀ ju àìsùn lọ: ọmọ tó dákẹ́ rọ́rọ́ tó ń wo àjà nínú òkùnkùn, "ó sùn" ni lójú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìyá ò fi ṣeé pa tì.

Aago tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, òdo pátápátá ló máa ń fi hàn, ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ tó sùn fọnfọn pàápàá a máa yí ara. Ibi tí o bá ti rí òdo gbọọrọ tí kò ní ìdákúrẹ́, sàmì sí i: "kò wọ̀ ọ́." Bí aago rẹ bá ń fi dátà mímì ara sílẹ̀ bó ṣe gbà á gan-an (raw data), GGIR wà nínú R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, ọ̀fẹ́ ni, ó máa bá ọ wá àkókò tí wọn ò wọ̀ ọ́.

Ibi tó dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Òru tí dátà ẹ̀ sọnù kì í ṣe òru lásán. Ọmọ wo ló ń bọ́ aago? Òru wo ló ń bọ́ ọ? Òru tí ara ń ta á ni, òru tí oorun kọ̀. Bí o bá rọra pa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́, òru tó dára ló máa kù fún ẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ní ọ́tísíìmù, o ó wá kọ ọ́ síwèé pé oorun wọn ò burú tó bí àwọn òbí ṣe ń sọ. Kí o tó ṣe ìṣirò kankan, ka iye òru tó sọnù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ìdí ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, òru 5 tó dára ni wọ́n sábà máa ń wá ó kéré tán. O ní 14, àyè wà. Òru tí ìyá sọ pé ó burú tí aago ò sì sí, sọ ọ́ jáde nínú iṣẹ́ rẹ.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ àti t-test: òru 532 kì í ṣe ọmọ 532. Bí o bá bi ìyá kan ṣoṣo ní Ọjà Ọba ní ìgbà 14 bóyá àmàlà dùn, o ò tíì bi èèyàn 14. Òru ọmọ kan ń jọra wọn. Ọmọ méjì inú ilé kan náà tún ń jọra: jẹnẹrétọ̀ kan náà ló ń kùn sí wọn létí. Òru wà nínú ọmọ, ọmọ wà nínú ilé. Irú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní mixed model ló mọ ìyẹn. Nínú R, pẹ̀lú lmerTest (lme4 náà ni, àmọ́ òun ló máa fi p hàn ọ́):

lmer(iseju_oorun ~ egbe + ojo_ori + (1 | ile/omo), data = oru)

Ìlà kan fún òru kan. Ilé ní nọ́ńbà, ọmọ ní nọ́ńbà, ẹgbẹ́ jẹ́ 0 tàbí 1. Wo p ẹ̀ (tó ń sọ bí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣèèṣì wáyé tó) lẹ́yìn tí o bá ti wo iye ìṣẹ́jú tó yàtọ̀, má ṣe é ṣáájú.

Ọmọ Gáà-Àkànbí

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san án fún yín. Mọ̀mí, mo ti lọ wo ìwé mi. Ìwé 7 ló ń parí sí 00 àti 30 látòkè délẹ̀ 😭

CSHQ náà ń dà mí láàmú. Mo ro ẹ̀ka 8 rẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ mi ò bá ti ìbéèrè 33 mu.

Ìwé-Ò-Tán

Kò ní bá a mu láé. Ìbéèrè méjì wà lẹ́ẹ̀mejì: pé ọmọ ń bẹ̀rù láti sùn nínú òkùnkùn, àti pé ó fẹ́ kí òbí wà nínú yàrá kó tó sùn. Wọ́n wà nínú ẹ̀ka kíkọ̀ láti lọ sùn, wọ́n tún wà nínú ẹ̀ka ìbẹ̀rù. Bí o bá ro ẹ̀ka 8 pọ̀, o ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Inú ìbéèrè 33 ni kó o ti gba àròpọ̀.

Wo àwọn tó yẹ kó o yí padà náà. Òru 5 sí 7 lọ́sẹ̀ jẹ́ 3, òru 2 sí 4 jẹ́ 2, òru 0 sí 1 jẹ́ 1, nítorí pé ìwà tí kò dára ni púpọ̀ nínú ìbéèrè ń bi. Àmọ́ "ó ń lọ sùn ní àkókò kan náà" àti "oorun ń gbé e lọ láàárín ìṣẹ́jú 20" jẹ́ nǹkan rere. Tí o ò bá yí irú wọn padà, ọmọ tó ń sùn dáadáa á gba máàkì aláìsàn. Èyí tó kéré jù jẹ́ 33, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 99, nítorí náà bí o bá rí 31, ìbéèrè kan ti já. Má sì fi 99 dúró fún "a ò mọ̀". Mo ṣe é rí, mo wá ní ọmọ kan tó ń jí ní ìgbà 99 lóru. Fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, kọ ìdí sí kọ́lọ́mù ẹ̀gbẹ́.

Ààlà 41 tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ, pé ọmọ tó bá dé ibẹ̀ níṣòro oorun, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni Owens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fà á ní ọdún 2000. Ìwé yẹn ń fún ọmọ ní máàkì bí ó bá ń sùn lórí ibùsùn òbí tàbí ti ọmọ ìyá rẹ̀. Ilé mélòó ní Ìlọrin ni ọmọ ọdún 5 ti ń dá yàrá sùn? Wọ́n jọ wà lórí ẹní ni, ìyá àgbà dábùú ẹnu ọ̀nà. Má pa ìbéèrè wọ̀nyẹn rẹ́ o. Ṣe ìṣirò pẹ̀lú wọn, tún un ṣe láìsí wọn, fi méjèèjì hàn. Má sì kọ ọ́ pé "ìdá báyìí nínú àwọn ọmọ ní àrùn oorun" nítorí 41.

Alfa Kọ̀ǹpútà

Àsàláámù aláékúmù. Kékeré ni tèmi, Gáà-Àkànbí lèmi náà ń gbé.

Wo aago tí fáìlì actigraph yẹn ń lò. Àwọn kan ń kó dátà jáde ní UTC (aago àgbáyé), wákàtí kan ló fi dín sí tiwa, gbogbo ọmọ rẹ á wá dà bí ẹni tó ń tètè sùn. Nínú R, tz="Africa/Lagos". Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò: mo wọ aago náà fúnra mi, ní 8:00 alẹ́ géérégé mo gbọn ọwọ́ bí ẹni ń gbọn igi máńgòrò fún ìṣẹ́jú méjì, mo wá lọ wá ibi tí ariwo yẹn bọ́ sí nínú fáìlì.

Ìbéèrè: ṣé òru kankan bọ́ sínú ààwẹ̀?

Ọmọ Gáà-Àkànbí

Wàáléékúmù sàláámù, Alfa. Ilé 6 bọ́ sí i.

Ọmọ Sàngó

Yọ wọ́n kúrò jàre. Kí lèèyàn fẹ́ fi oorun ààwẹ̀ ṣe?

Alfa Kọ̀ǹpútà

Rárá o. Àwọn ajísààrì ń lu agogo láti ọ̀gànjọ́, ìyá ń dáná, mọ́sáláṣí ń ké. Ọmọ tí ariwo ń dà láàmú ju ẹlòmíì lọ, ibí yìí gan-an la ti máa rí i. Bí o bá yọ wọ́n, o ti yọ Ìlọrin kúrò nínú ìwádìí Ìlọrin. Fi kọ́lọ́mù saari kún un, 0 tàbí 1, fi kún ìlànà Bàbá Ìṣirò. Ọmọ méjèèjì nínú ilé kan náà ló gbọ́ agogo kan náà, nítorí náà ìfiwéra wọn ṣì dúró. Àmọ́ ilé 6 kéré, má fi ṣe ìkéde.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ló kù. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí nǹkan ẹlẹgẹ́, ọmọdé tún ni wọ́n. Fáìlì orúkọ lọ́tọ̀, fáìlì dátà lọ́tọ̀, nọ́ńbà nìkan ló so wọ́n pọ̀, páásíwọ́ọ̀dù sórí méjèèjì. Ohùn tí àwọn ìyá bá fi ránṣẹ́, tẹ̀ ẹ́ sínú dátà, kí o sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Kò sì tó kó o yọ orúkọ. Mọ̀mí Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ wo ohun tí ẹ ti sọ fún wa níbí: Ọ̀fà, ìbejì, gìrì, àkàrà ìdájí. Ẹni tó mọ àdúgbò yín ti mọ ẹnu ọ̀nà yín.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Ẹ fọkàn balẹ̀, Alfa. Èmi ò din àkàrà rí láyé mi. Kì í sì í ṣe Ọ̀fà 😄

Bàbá Ìṣirò (Tanke)

Ẹ gbà á ní olùkọ́.

Ọmọ Gáà-Àkànbí

Ọjọ́bọ̀ ti kọjá, mo padà wá. Ọ̀gá mi ò rí 1:39 ọ̀sán, ìyẹn nìkan tó fún mi. Òru 41 ni mo sàmì sí pé wọn ò wọ aago. 33 nínú wọn jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ọ̀gá mi sì ní kí tábìlì yẹn ṣíwájú gbogbo tábìlì yòókù. Mo pe ìyá kan nípa òru tó ní òdo láti alẹ́ di àárọ̀. Ó ní, "Àǹtí, orí fìríìjì ló wà." Ìwé 7 tó ń parí sí 00, mo fi kọ́lọ́mù kan sàmì sí wọn, mo ṣe ìṣirò pẹ̀lú wọn àti láìsí wọn. Wọ́n ní kí n fi ilé 5 kún un, ìbéèrè mẹ́ta Nọ́ọ̀sì ni mo máa lò níbẹ̀, mo sì ti fi oògùn kún ìwé náà.

Alfa, nǹkan kan kù. Ní òru ààwẹ̀, àwọn ìyá àdúgbò wa kọ ọ́ pé 3:00 ni agogo ajísààrì ń jí ọmọ. Aago ọwọ́ ọmọ mẹ́rin ń sọ 2:40. Èwo ni kí n gbà?

Alfa Kọ̀ǹpútà

2:40 ni. Èmi ni mò ń lu agogo yẹn.